Ọmọ Tálákà Ló Ń Gbé Létí Omi, Ọmọ Olówó Ló Ń Kọ́ Ìlúwẹ̀ẹ́

Bí òjò oṣù Kẹfà àti oṣù Keje bá ti ń rọ̀ l'Ékòó, ìròyìn kan wà tí a ti mọ̀ kó tó dé. Àgbàrá gbé ọmọ iléèwé lọ. Ọmọ kan jìn sí kànáàlì níbi tó ti fẹ́ fo gọ́tà. Àwọn ọ̀dọ́ kan lọ ṣeré létí òkun lọ́jọ́ ọdún, gbogbo wọn kọ́ ló padà wálé. A ó kí àwọn òbí náà kú ara fẹ́ra kù, a ó bú ìjọba díẹ̀, nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì a ti gbàgbé. Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu wa: ta ló kọ́ ọmọ yẹn ní ohun tí a ń ṣe bí ẹsẹ̀ ò bá kanlẹ̀ mọ́ nínú omi?

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Nílùú tí ohun tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ọ̀sà àti odò, ìlúwẹ̀ẹ́ ti di ẹ̀kọ́ ọmọ olówó. Iléèwé aládàáni tó ní púùlù ló ń kọ́ ọ, òbí tó lówó lọ́wọ́ ló ń gba kóòṣì fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ bẹ́ẹ̀ rèé, mọ́tò ló ń gbé e lọ síléèwé, omi tó jìn jù tó ń rí láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni ti púùlù tí ẹni tó mọṣẹ́ dúró tì. Ọmọ tí kànáàlì gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá l'Ájégúnlẹ̀, tó ń fa omi nínú kànga tí kò ní ìdérí, tó ń wọkọ̀ ojú omi kó tó dé iléèwé ní abúlé kan lápá Èpè tàbí Badagry, òun ni ẹnikẹ́ni kò ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún. Àwọn tó nílò ẹ̀kọ́ yìí jù ni kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, kì í sì í ṣe pé ó wọ́n ju agbára wa lọ. Àwọn kan ti fi ọparun àti adágún abúlé ṣe é, ó sì yanjú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi káàkiri ayé ní ọdún 2021. Ìyẹn tó 30 ní wákàtí kan. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá kú bẹ́ẹ̀, mẹ́sàn-án ló wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé láàárín ọdún 2000 sí 2021, ìwọ̀n ikú omi fi ìdá 68 nínú 100 dín kù ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n ní Áfíríkà ìdá 3 péré ló fi dín. Omi tiwọn náà ń pani. Wọ́n ṣètò ni, àwa ò ṣètò.

Ó ti wá di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ báyìí. Láti ọdún 2021 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 25 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún dídènà ikú omi. Bangladesh àti Ireland ló gbé ìpinnu náà lọ síwájú àpéjọ. Ó tọ́ kó jẹ́ Bangladesh, nítorí pé kò sí orílẹ̀-èdè tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí bíi tiwọn.

Bangladesh jọ wá ní ọ̀nà púpọ̀. Èrò kún ibẹ̀, owó kò tó, omi sì yí wọn ká. Lábúlé wọn, wọ́n ní láti wa yẹ̀pẹ̀ kí wọ́n tó lè gbé ilé ga kúrò lọ́wọ́ àkúnya omi, ibi tí wọ́n bá sì ti wa yẹ̀pẹ̀ á di adágún lẹ́yìnkùlé. Nínú adágún yẹn ni wọ́n ti ń wẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ abọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin ẹja. Nígbà tí àwọn olùwádìí lọ láti ilé dé ilé ní ọdún 2003, wọ́n rí i pé bí ọmọ bá ti kọjá ọdún kan, kò tún sí ohun tó ń pa á bí omi, títí kan àwọn àrùn tí gbogbo ayé ń náwó lé lórí. Bí 40 ọmọ lójúmọ́ ni wọ́n máa ń sọ pé omi ń gbé lọ níbẹ̀.

Wọ́n tún rí àkókò tó ń ṣẹlẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán ni omi máa ń gbé àwọn ọmọ kéékèèké jù. Bàbá ti lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wà níléèwé, ìyá ń dáná, ó ń fọṣọ, ó ń gbá ilẹ̀. Ọmọ ọdún méjì kò pẹ́ kó tó rìn dé etí adágún. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ilé ìtọ́jú ọmọ tí wọ́n ń pè ní Anchal sílẹ̀. Obìnrin abúlé náà kan tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ á máa tọ́jú àwọn ọmọdé láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ẹ ò rí i pé ètò yìí kò le? Wákàtí tí ikú ń wá ni wọ́n fi ènìyàn ṣọ́.

Fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, láti ọmọ ọdún mẹ́rin sí méjìlá, wọ́n ṣètò èyí tí wọ́n ń pè ní SwimSafe. Wọn ò kọ́ púùlù kankan. Adágún abúlé tó wà nílẹ̀ náà ni wọ́n lò. Wọ́n to ọparun pọ̀, wọ́n fi ṣe pèpéle tí wọ́n rì sínú omi, ó ní ọgbà yíká, ó sì ní ilẹ̀ nísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ lè kàn, kí ọmọ má baà yọ̀ lọ síbi tó jìn jù ú lọ. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni wọ́n kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́ àti ìtọ́jú pàjáwìrì, àwọn ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ojú olùkọ́ lè ká gbogbo wọn. Ọmọ kì í fi eré sísá nínú omi bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ ti ojú bọmi, á kọ́ bí a ṣe ń tú èémí jáde lábẹ́ omi láìbẹ̀rù, á kọ́ bí a ṣe ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi kí imú wà lókè. Ìgbà tí ara bá ti balẹ̀ ni wọ́n á wá kọ́ ọ bó ṣe máa fi ẹsẹ̀ ta omi, tí á sì fi ọwọ́ wà á. Kí wọ́n tó gbà pé ọmọ yege, ó gbọ́dọ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ mítà 25, kó lè léfòó fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú láìdi ohunkóhun mú, kó sì mọ bí a ṣe ń gba ẹlòmíràn là láìwọ inú omi.

Àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àwọn ọmọ wọ̀nyí láti ọdún 2006 sí 2010. Ikú omi láàárín àwọn tó kọ́ SwimSafe fi ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò kọ́ ọ. Ní ti àwọn ọmọ Anchal, ó lé ní ìdá 80. Oògùn mélòó la mọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn? Ní ọdún 2022, ìjọba Bangladesh fọwọ́ sí i pé kó di ètò ìjọba: ilé ìtọ́jú ọmọ 8,000 ní ẹkùn 16, àti ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ fún 360,000 ọmọ tó wà láàárín ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: pé bí ọmọ bá ti mọ ìlúwẹ̀ẹ́, ó ti rí ọ̀nà máa sá lọ sódò nìyẹn. Àwọn àgbà náà sì wí pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àwọn tó dá ètò Bangladesh sílẹ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlúwẹ̀ẹ́ kò fi dá wà nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ wo àwọn ọmọ Ìlàjẹ ní Ayétòrò, tàbí àwọn ọmọ Ègùn ní Makoko, tàbí àwọn ọmọ Ganvié lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fi àjẹ̀ tukọ̀ kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Kóòṣì wo ló fẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń wa omi lọ́wọ́? Ohun tí wọn ò ní ni láíf-jákẹ́ẹ̀tì tó bá ọmọdé mu, ọkọ̀ tí kò jò, àti àgbà tó mọ bí a ṣe ń dá èémí padà sínú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ Ìlàjẹ nílò yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá òbí rẹ̀ ti òkè wá sí Ajégúnlẹ̀ nílò, tí kò tíì rí omi tó jìn ju bókẹ́ẹ̀tì lọ rí.

Kódà bókẹ́ẹ̀tì ń pa ọmọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè fi orí lé e, kó má lè gbé ara rẹ̀ dìde mọ́. Fún irú ọmọ yẹn, ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kọ́ ni ìdáhùn. Ká da omi nù bí a bá ti lò ó tán, ká dé kànga àti táńkì, ká má fi ọmọ kékeré ti ọmọ kékeré bíi tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. WHO náà sọ ọ́ pé láti ọmọ ọdún mẹ́fà lọ sókè ni kí a máa kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ àti ààbò lórí omi. Kó tó pé ọdún mẹ́fà, àgbà ni kó ṣọ́ ọ.

Apá kan wà nínú ẹ̀kọ́ yìí tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, tí olùkọ́ sì lè kọ́ àwọn ọmọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó ń rì kì í pariwo. Inú fíìmù nìkan ni wọ́n ti ń ké "ẹ gbà mí" tí wọ́n ń ju ọwọ́. Ọmọ tó ń rì lóòótọ́ á dákẹ́, ẹnu rẹ̀ á máa wọ omi á máa jáde, ọwọ́ rẹ̀ á máa tẹ omi sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń wá àtẹ̀gùn tó máa gùn. Kó tó di ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti lọ. Ìkejì ni pé ẹni tí kò mọṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ bọ́ sómi tẹ̀ lé ẹni tó ń rì. Kó ké sí àgbà, kó na ọ̀pá sí i, kó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n ti dé pa tàbí okùn sí i. Ní Shreveport, ní ìpínlẹ̀ Louisiana l'Ámẹ́ríkà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010, ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú kan yọ̀ lọ síbi tó jìn nínú Odò Pupa. Àwọn ìbátan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ sómi láti fà á jáde, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹnì kan tó wà nítòsí yọ ẹni àkọ́kọ́ yẹn jáde láàyè. Mẹ́fà nínú àwọn tó lọ gbà á ló kú, lójú àwọn òbí wọn tó dúró lórí ilẹ̀ tí wọn kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́.

Ìkẹta ni ohun tí a ń ṣe fún ẹni tí wọ́n bá yọ jáde tí kò mí mọ́. Nílẹ̀ wa, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ níkùn kí omi lè jáde, tàbí kí wọ́n dorí ọmọ kodò. Ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò ni, ó sì lè mú kí èébì dí i lọ́nà ọ̀fun. Èémí ló nílò. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kí wọ́n dí imú rẹ̀, kí wọ́n fẹ́ èémí sí i lẹ́nu títí àyà rẹ̀ á fi gbéra, kí wọ́n sì máa tẹ àárín àyà rẹ̀ léraléra títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Ọmọ ọdún méjìlá lè kọ́ èyí kó sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní ti òkun, àwọn ọmọ Ékòó gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa omi tó ń fa ènìyàn padà kúrò létí ilẹ̀. Ẹni tó bá kọjú sí ilẹ̀ tó ń bá a jà á rẹ̀, yóò sì rì, bó ti wù kó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni pé kéèyàn fara balẹ̀, kó léfòó, kó gba ẹ̀gbẹ́ jáde, kó máa bá etí òkun lọ ní ìbú títí yóò fi kúrò nínú ọ̀nà tí omi náà ń gbà, kó tó wá kọjú sílẹ̀.

Lórí ọkọ̀ ojú omi, ọ̀rọ̀ náà burú ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, lágbègbè Pátégi ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọkọ̀ tó ń kó èrò ìgbéyàwó padà sílé lóru dà nù lórí Odò Ọya. Àwọn tó kú lé ní 100, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ wọn gbé lọ síbi ìnáwó náà, òjò ló ba ọ̀nà jẹ́ tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, odò yẹn kan náà gbé òṣèré Nollywood tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Junior Pope lọ, òun náà kò wọ láíf-jákẹ́ẹ̀tì. Ariwo ta nígbà yẹn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. L'Ékòó, LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà ojú omi ní ìpínlẹ̀ náà, ti pàṣẹ pé èrò kankan kò gbọ́dọ̀ wọkọ̀ láìwọ láíf-jákẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ láíf-jákẹ́ẹ̀tì àgbà lọ́rùn ọmọ ọdún mẹ́jọ kò yàtọ̀ sí pé kò wọ nǹkan kan. Bó bá bọ́ sómi, ẹ̀wù náà á gba orí rẹ̀ yọ. Èyí tó bá ọmọdé mu, tó ní okùn tó gba abẹ́ itan, ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń pín in máa rà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀. Àwọn òbí kan, pàápàá láàárín àwọn Mùsùlùmí, kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bọ́ra sílẹ̀ láàárín ọkùnrin, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ní Zanzibar, erékùṣù kan ní Tanzania, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Panje Project wá ojútùú sí i: wọ́n rán aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo ara látòkè délẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin bíi tiwọn láti jẹ́ olùkọ́ wọn, wọ́n sì ń kọ́ wọn nínú Òkun Índíà fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tó ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èpè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ara aláwọ̀ dúdú kò bá omi mu. Ará Holland kan tó kọ̀wé nípa etíkun tí à ń pè ní Ghana lónìí, ní ọdún 1602, sọ pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ mọ ìlúwẹ̀ẹ́ àti ìmòòkùn ju àwọn ará ìlú òun lọ. Ìtàn ló ba nǹkan jẹ́ fún àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Nígbà tí ilé ẹjọ́ l'Ámẹ́ríkà ní kí dúdú àti funfun jọ máa lo púùlù ìjọba, àwọn ìlú kan yàn láti ti púùlù wọn pa pátápátá. Ìlú Jackson ní Mississippi ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì dá wọn láre ní ọdún 1971. Bàbá tí wọ́n ti púùlù mọ́ lójú kò lè kọ́ ọmọ. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2017 láti ọwọ́ USA Swimming Foundation àti Yunifásítì Memphis sọ pé ìdá 64 nínú 100 ọmọ dúdú l'Ámẹ́ríkà ni kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́, tàbí tó mọ̀ ọ́n díẹ̀ ṣíún. Bí òbí kò bá sì mọ̀ ọ́n, ìdá 19 péré ni àǹfààní tó wà pé ọmọ á mọ̀ ọ́n.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ẹ̀kọ́ ní England ní kí ọmọ ti lè lúwẹ̀ẹ́ mítà 25 kó tó jáde ní praímárì. Síbẹ̀, ìṣirò tí Swim England ń lò fi hàn pé ìdá 95 nínú 100 àgbà aláwọ̀ dúdú àti ìdá 80 ọmọ aláwọ̀ dúdú ni kì í lúwẹ̀ẹ́. Ìyẹn ló mú kí wọ́n dá Black Swimming Association sílẹ̀ ní ọdún 2020. Alice Dearing, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Òlíḿpíìkì, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ẹ máà fojú kéré ọ̀rọ̀ irun níbẹ̀. Àjọ tó ń darí eré ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé kọ fìlà Soul Cap tó gba irun wa ní ọdún 2021, ọdún 2022 ni wọ́n tó gbà á. Ẹ̀yin tó wà ní Peckham àti Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ béèrè níléèwé bóyá ọmọ yín ti lè dé mítà 25 yẹn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

L'Ékòó, àwọn díẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Emeka Chuks-Nnadi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Swim in 1 Day ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò àwọn tálákà, àwọn aláàbọ̀ ara sì wà lára wọn. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n agbára ẹgbẹ́ kan kò lè ká Ékòó. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, tí wọ́n kọ́ nítorí ìdíje gbogbo Áfíríkà ọdún 1973, ní púùlù tó yẹ kí ọmọ iléèwé ìjọba máa lò. Ó ti pẹ́ tó ti dẹnu kọlẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ ní ká dúró dè é. Ọ̀sà tí kò ní ìgbì púpọ̀ wà ní Èpè àti Badagry, ọparun kò wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ àti Ègùn tó mọ omi bí ẹní mowó ń wá iṣẹ́. Kí ìjọba ìbílẹ̀ gbà wọ́n síṣẹ́, kí wọ́n kọ́ wọn ní ìtọ́jú pàjáwìrì, kí wọ́n yẹ omi wò nítorí ìdọ̀tí àti àrùn, kí wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ omi jù.

Kí àwọn olùkọ́ praímárì sì bẹ̀rẹ̀ apá tó jẹ́ ti orí ilẹ̀ ní sáà yìí, kí òjò tó dé. Kí wọ́n so kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì mọ́ okùn gígùn, kí wọ́n fi kọ́ sí gbogbo ibi tí ọmọ iléèwé ti ń wọkọ̀ ojú omi àti gbogbo afárá kànáàlì, kí wọ́n sì fi ẹnì kan sí i tí yóò máa wò ó lóṣooṣù bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.